Ẹ Jẹ́ Kí A Kà Á Kí A Tó Pín In

Ẹni tí ìwé yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ṣí i. Kí ó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má bẹ̀rù. A kò ní kí ẹ dìbò fún lágbájá, a kò sì ní kí ẹ má dìbò fún tàmẹ̀dò. Ohun tí a fẹ́ wò ni bí ìjọba ṣe ń pín ohun ìlú: kànga, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ̀nà. Kí ni ó yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó pín wọn? Ṣé ilà ojú wa ni, tàbí àìní wa?

Kànga kan, apá mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí á fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wá a kiri o, kò sí níbì kan. Àwa ni a dá a sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Abúlé náà ní apá mẹ́ta. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, ń gbé ní Òkè Ọjà. Àwọn Fọ̀n tí wọ́n wá dá oko òwú ń gbé ní Ìsàlẹ̀. Àwọn Fúlàní wà ní gáà lẹ́yìn igbó. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé láti ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì pé ìjọba yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ni ìjà bá dé. Baba kan dìde ní Òkè Ọjà, ó ní: “Àwa la ni ilẹ̀. Ọmọ wa ló wà ní ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì. Tiwa ni kànga.” Ọkùnrin kan dìde láti Ìsàlẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin lẹ gba ilé ìwé lọ́jọ́sí. Ó kàn wá báyìí. Bí ẹ bá tún gba èyí, a kò ní dìbò fún ọmọ yín mọ́.” Àwọn ará gáà kò sọ nǹkan kan, nítorí kò sí ẹni tí ó pè wọ́n sí ìpàdé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìbò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ta ni. Kò sí ẹnì kan tí ó sọ̀rọ̀ omi.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún iṣẹ́ méjì. A ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà, ó yẹ kí ó lè ka ohun tí ó wà nílùú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a kò bá kà, a kò mọ iye rẹ̀. Ohun tí a kò bá sì mọ iye rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni yóò pín in.

Nígbà tí a pín àga

Irú ìjà abúlé yìí ti ṣẹlẹ̀ sí odindi orílẹ̀-èdè rí. Ẹ̀yin àgbà rántí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ́tí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Orúkọ ilẹ̀ Benin nígbà náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn ńlá mẹ́ta ló ń du ipò. Hubert Maga ni àwọn ará Àríwá ń tẹ̀ lé. Justin Ahomadégbé ni àwọn ará Àgbómẹ àti agbègbè rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Sourou Migan Apithy ni àwọn ará Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí ìbò bá dé, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn kì í bi ara wọn pé kí ni ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe. Ìbéèrè wọn ni pé ọmọ ibo ni.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní 1963. Wọ́n tún gbà á ní 1965, ní 1967 àti ní 1969. Ní 1970, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò. Ìjà ẹ̀yà gba ìlú kan, wọ́n sì fagi lé ìbò náà kí ó tó parí. Wọ́n wá wá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín àga láàárín ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọdún méjì. Maga ló kọ́kọ́ jókòó ní oṣù karùn-ún 1970. Ahomadégbé gbà á ní oṣù karùn-ún 1972. Oṣù karùn-ún tí ó lò kò tíì kọjá púpọ̀ tí àwọn ṣọ́jà fi tún dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Apithy yín kò jókòó sí àga náà rárá. Kí ó tó kàn án, àga ti lọ.

Ẹ kíyè sí i. Ìpín yẹn dọ́gba lójú: Àríwá ní tirẹ̀, Àgbómẹ ní tirẹ̀, Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àga ni wọ́n pín. Àga kì í sì í di kànga. Ìyá tí ó ń pọn omi ẹrẹ̀ ní Àríwá nígbà tí Maga jókòó, kí ni àga náà bù sínú korobá rẹ̀?

Sòbìà kò mọ ilà ojú

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà mìíràn tí a ti gbà ṣe ìjọba, tí ó sì yọrí sí rere.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ mọ sòbìà. Ẹ rí bí ó ṣe ń jáde ní ẹsẹ̀ àgbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ ń tó mítà kan. Àsìkò ìkórè ni ó sábà máa ń dá ọkùnrin dúbúlẹ̀, tí oko á di igbó. Àwọn bàbá wa ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgàńbe là ń ké sí. Ṣùgbọ́n ewé náà kò dá àìsàn náà dúró. Àwọn kan ní iṣan ara ni. Àwọn kan ní ayé ló fi ṣe wọ́n. Àwọn kan ní àwọn àjèjì ló gbé e wá.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn wá tọpa rẹ̀. Wọ́n rí i pé inú omi ni ó ti ń wá. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí àwọn kòkòrò wíńwíń wà nínú rẹ̀ ń mu ọmọ sòbìà pẹ̀lú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, sòbìà náà yóò fẹ́ jáde. Ara yóò máa jó ẹni náà bí iná. Yóò ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú, sòbìà yóò sì da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu.

Kò sí oògùn tí ń pa sòbìà nínú ara. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kà á. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, láàárín 1987 àti 1988, wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ka gbogbo ẹni tí ó ní sòbìà. Wọ́n rí ènìyàn tí ó lé ní 650,000. Ní ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Tógò náà, ní àwọn abúlé tí àìsàn náà wà, wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé. Ibi tí ìwé bá ti fi hàn pé sòbìà pọ̀, ibẹ̀ ni aṣọ asẹ́, oògùn omi àti kànga ń lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìkà yẹn ṣe. Ilẹ̀ Benin rí aláìsàn tí ó kẹ́yìn ní 2004. Ní 2009, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán níbẹ̀. Wọ́n jẹ́rìí kan náà fún ilẹ̀ Tógò ní 2011, àti fún Nàìjíríà ní 2013. Ní gbogbo ayé, ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ènìyàn tí sòbìà ń mú lọ́dún ní nǹkan bí 1986. Ní 2023, ènìyàn 14 péré ni.

Ká ní ilà ojú ni wọ́n fi pín aṣọ asẹ́ yẹn ńkọ́? Ká ní wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n fo gáà kọjá nítorí pé Fúlàní kì í ṣe tiwa? Aláìsàn kan ṣoṣo láti gáà ì bá ki ẹsẹ̀ bọ odò, ọmọ onílẹ̀ ì bá sì mu ún. Sòbìà kò bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Nítorí náà, ẹni tí yóò lé e lọ kò gbọ́dọ̀ bèèrè pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n dán wò nílẹ̀ wa

Ẹnìkan lè sọ pé: “Olùkọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni àwọn olóṣèlú fi ń gba ìbò. Wọn kò lè fi í sílẹ̀.” Ọmọ ilẹ̀ Benin kan, Léonard Wantchékon, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Kò jókòó kó máa ṣe àròyé. Ó dá a wò bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin irúgbìn méjì sí ebè méjì láti mọ èyí tí yóò ta jù.

Ìbò ààrẹ oṣù kẹta ọdún 2001 ni ó lò. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan gbà láti bá a ṣe é. Ó mú abúlé méjì-méjì ní àgbègbè kan. Ní abúlé kìíní, àwọn aṣojú olùdíje sọ pé: ọmọ yín ni, yóò mú ilé ìwé, ọ̀nà àti iṣẹ́ ìjọba wá fún àgbègbè yín. Ní abúlé kejì, wọ́n sọ ètò tí olùdíje kan náà ní fún ẹ̀kọ́ àti ìlera jákèjádò ilẹ̀ Benin. Lápapọ̀, ọ̀rọ̀ “ọmọ yín ni” ló mú ìbò wá jù. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí á gbà á. Síbẹ̀, wọ́n rí ohun kan: àwọn obìnrin tẹ́tí sí ètò gbogbo ilẹ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ.

Ní ìbò 2006, wọ́n tún dá a wò lọ́nà mìíràn. Ní àwọn abúlé kan, dípò ìlù, orin àti ẹ̀bùn, wọ́n ṣe ìpàdé. Àwọn aṣojú olùdíje ṣàlàyé ètò wọn, ará abúlé bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní àwọn abúlé wọ̀nyí, àwọn ènìyàn sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ojúsàájú dínkù. Ìbò olùdíje tí ó ka ibẹ̀ sí ilé tirẹ̀ náà dínkù. Àwọn ènìyàn kò sì torí bẹ́ẹ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò. Ẹ ò rí i? Ibi tí a bá ti jókòó tí a bèèrè, ìlérí òfìfo kò rọrùn láti tà.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára yọ̀. Ní 2015, nígbà ìbò àwọn aṣòfin, àwọn onímọ̀ mìíràn fi han àwọn olùdìbò bí aṣòfin wọn ti ṣiṣẹ́ sí. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ ló fi ìbò sàn án fún un. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ ló fi ìbò jẹ ẹ́ níyà. Ìwé kan náà ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n ojú méjì ni wọ́n fi kà á. Tẹni ń tẹni, tàkísà ń tààtàn.

Òṣùwọ̀n kan

Nítorí náà, ẹ̀rí nìkan kò tó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta àgbàdo, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí oníṣòwò bá ní igbá ńlá tí ó fi ń rà, tí ó sì ní igbá kékeré tí ó fi ń tà, kí ni ẹ ń pè é? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń dárí ji ọmọ ilé rẹ̀ tí ó ń jalè, tí ó sì ń pariwo lé àjèjì tí ó ṣe ohun kan náà. A kò ní kí ẹ gbàgbé ilé yín. Ẹ máa sọ èdè yín, ẹ máa ṣe ọdún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó ìlú, igbá kan náà ni kí á fi wọ̀n fún gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà ìbò ìbílẹ̀ 2002 sí 2003, kọmúùnù 77 ni ó wà ní ilẹ̀ Benin, tí ará ìlú ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn. Ìjọba ti sún mọ́ yín. Bí wọ́n bá mú ètò kan wá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin.

Ìkíní: Kí ni ẹ kà kí ẹ tó yan ibí yìí?

Ìkejì: Nígbà wo ni ẹ kà á? Ìkànìyàn 1979 rí ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Ti 2013 rí mílíọ̀nù mẹ́wàá àti díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwé àtijọ́ pín ilé ìwé, òkú ọdún ló ń pín in fún.

Ìkẹta: Ta ni ó kà á? Ìwé náà lè purọ́. Bí apá kan ṣoṣo bá kà á, wọ́n lè bù sí tiwọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìkẹrin: Nígbà wo ni a óò tún padà wá wò ó bóyá ètò náà ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí abúlé wa

Ní ọjọ́ kẹrin ìjà, ìyá kan dìde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìwé àgbà ni. Ó ní: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pọn omi. Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń pọn ọ́n kà á.” Wọ́n yan obìnrin mẹ́ta: ọ̀kan láti Òkè Ọjà, ọ̀kan láti Ìsàlẹ̀, ọ̀kan láti gáà. Wọ́n jọ rìn fún ọjọ́ méje. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Òkè Ọjà: ènìyàn 310. Kànga 2. Wọn kì í gbẹ.

Ìsàlẹ̀: ènìyàn 260. Kànga 1. Ó ń gbẹ fún oṣù 3 lọ́dún.

Gáà: ènìyàn 90. Kò sí kànga. Odò ni wọ́n ń pọn. Wákàtí 2 ni àlọ àti àbọ̀.

Wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ènìyàn. Ilé dákẹ́. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n gbẹ́ kànga náà síbi tí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ àti ọ̀nà gáà ti pàdé.

Inú baba Òkè Ọjà kò dùn. A kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé náà, kí òun wò ó. Ó wò ó títí, ó sì ní: “Ẹ tún lọ ka àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ilé ìwé wa, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ èyí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù fún yàrá kan. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kíláàsì bá dé ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì, ìwé yìí ni mo fẹ́ mú lọ, kì í ṣe orúkọ ọmọ mi.”

Ẹ̀yin ará, ẹ ra ìwé kékeré kan fún abúlé yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dìgbà o.

Ìbéèrè fún àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbọ́ rédíò

1. Ní abúlé yín, kànga mélòó ni ó wà? Oṣù mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń gbẹ?

2. Àwọn wo ni a kì í pè sí ìpàdé abúlé yín? Kí ló dé?

3. Ẹ rántí ẹnì kan ní ipò ìjọba tí ẹ ti gbèjà rẹ̀ rí nítorí pé ọmọ ilé yín ni. Bí ó bá jẹ́ àjèjì ni ó ṣe ohun tí ó ṣe, kí ni ẹ ì bá sọ?

4. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta láti apá mẹ́ta. Kí wọ́n jọ ka ohun kan kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì kà á sókè.